Ta ló gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láti Spion Kop?

Èrò ọkàn mi nìyí o. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer, òyìnbó àgbẹ̀ tó ti Holland ṣẹ̀ wá, jà lórí òkè Spion Kop ní Gúúsù Áfíríkà, orúkọ èèyàn mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà fún wa: Louis Botha tó ń darí àwọn Boer, Winston Churchill tó ń jẹ́ṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gun òkè sọ òkè, àti Gandhi, agbẹjọ́rò ará Íńdíà tó ṣáájú àwọn tó ń gbé ẹni tó fara gbọta. Ìtàn náà dùn lóòótọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn Gandhi ló ká mi lára ní tèmi.

Nǹkan bí 1,100 ni wọ́n, ará Íńdíà ni gbogbo wọn. Nǹkan bí 300 ló dá dúró láyè ara wọn. Àwọn yòókù ti tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ òyìnbó ní Natal, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀, ọ̀gá wọn ló yọ̀ǹda wọn. Ẹni tí ọ̀gá yọ̀ǹda, ṣé ó tó ẹni tó máa lóun ò lọ?

Àdéhùn ni pé wọn ò ní dé ibi tí ìbọn ti ń dún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di wàhálà ní Spion Kop lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900, Buller, ọ̀gágun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ pé kò pọn dandan, àmọ́ inú ìjọba á dùn bí wọ́n bá lè wá. Wọ́n lọ. Kò sí ọ̀nà gidi tí ọkọ̀ aláìsàn lè gbà, èjìká ni. Aṣọ líle tí wọ́n na sáàárín igi méjì, ọkùnrin tí itan rẹ̀ ti fọ́ lórí ẹ̀, òkúta lẹ́sẹ̀. Bí ará iwájú bá fẹsẹ̀ kọ, ẹni tí wọ́n gbé á figbe ta. Nígbà mìíràn, máìlì 20 sí 25 ni wọ́n ń rìn lóòjọ́.

Àwọn olórí wọn gba mẹ́dàlì. Ó tọ́ sí wọn, mi ò bá wọn du ú. Àmọ́ òfin Natal ti ọdún 1895 wà níbi tó wà: ẹni tó bá dé lẹ́yìn òfin náà, tó parí ọdún márùn-ún rẹ̀, tí kò padà sí Íńdíà, tí kò sì tọwọ́ bọ ìwé mìíràn, á máa san pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́dọọdún. Ṣílè mẹ́wàá lóṣù ni wọ́n ń gbà lọ́dún àkọ́kọ́. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan; ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, owó oṣù mẹ́fà gbáko! Kì í sì í ṣe pé àánú ṣe ìjọba tí wọ́n fi fagi lé e lọ́dún 1914: ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1913.