Ohùn Aláìlábùlà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ onígìtá tó gbáfẹ́ l'Ábùjá lóde òní, ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Láti Kubwa dé Lugbe, pákó kan ń bẹ níwájú ẹsẹ̀ wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n to pẹ́dàlì, àwọn àpótí kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, sí bí ẹni pàtẹ bàtà òkìrìkà. Ẹ bi wọ́n pé kí ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Wọ́n á ní ohùn klíìn làwọn ń wá, ohùn gìtá jùjú ayé ijọ́un, tó mọ́ bí omi àmù, tí kò lábùlà.

Mo ka ti àbúrò mi kan ní Kubwa, Bàbá Ìbejì. Méje. Ohun méje la fi ń se ohun tí a ò fi nǹkan kan sí.

Bàbá Ìbejì kò kúkú kọ́kọ́ ra pẹ́dàlì. Áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ló rà, Twin Reverb, irú èyí tí Fender gbé jáde lọ́dún 1963. Wọ́ọ̀tì 85, sípíkà oní-ínṣì 12 méjì, ó sì wúwo ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì lọ. Áńpù yìí lè ké gan-an kí ohùn rẹ̀ tó fàya, ìdí nìyẹn tó fi lókìkí. Ṣùgbọ́n yàrá méjì ni Bàbá Ìbejì ń gbé, lánlọ́ọ̀dù wà lókè. Ló bá yí i sílẹ̀ sí oókan, ó wá ra pẹ́dàlì tí yóò jẹ́ kó dún bíi pé ó wà ní márùn-ún.

Iná Amẹ́ríkà, 120, ni áńpù náà ń jẹ, tiwa sì jẹ́ 230. Ó ra tíránsífọ́mà. Tíránsífọ́mà ń kùn. Ó ra pẹ́dàlì tó ń pa kíkùn. Wọ́n mú iná. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gba orin lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi compressor hàn mí, èyí tó ń tẹ ohùn tó yọrí mọ́lẹ̀, tó ń gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè. (Kí wọ́n bá wa so ọ̀kan mọ́ owó oṣù.) Ó fi chorus hàn mí, tó ń sọ gìtá kan di bíi méjì. Mo ní, ṣé kò wá rọrùn kó pe ẹnì kejì? Lórí pèpéle King Sunny Adé, onígìtá ò mọ níwọ̀n. Kálukú di ẹyọ orin bíńtín mú, ó ń ta á lọ ta á bọ̀. Bí ti ẹnì kan bá ki jù, á bo ti ìkejì mọ́lẹ̀, gángan ò sì ní ráyè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ráyè fún ara wọn ni ohùn fi mọ́. Bàbá Ìbejì ní òun ò lè bá èèyàn pín owó.

A gbé pákó pẹ́dàlì rẹ̀ lọ òde kan ní Gwarinpa. Àǹtí aláṣọ ẹbí kan ń náwó mọ́ ọn níwájú orí (ẹ má sọ fún EFCC), ló bá fi gìgísẹ̀ bàtà gun delay, pẹ́dàlì tó ń tún ohùn sọ. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lóhùn: kìn-ìn, kìn-ìn, kìn-ìn. Èrò hó yèè, wọ́n rò pé àrà tuntun ni. Owó ń já bọ́, Bàbá Ìbejì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kì í ṣe owó ló ń ṣà, bọ́tìnnì ló ń wá.

Ó ti wá rídìí ọ̀rọ̀ báyìí: wáyà ni. Lánàá, ó ta orin kan náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, wáyà àtijọ́, wáyà tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀? Ṣé ẹ rí i pé kò lábùlà mọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ń bu gbẹ̀gìrì lé ewédù lọ́hùn-ún. Mo ní mo gbọ́ ọ ketekete.