Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá ibi tí ológbò ti ṣìnà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, èrò ọkàn mi rèé lórí coding (kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé) tí à ń kọ́ àwọn ọmọdé: ọwọ́ àwa àgbà ti yá jù. Ọmọ á to búlọ́ọ̀kù (àwọn àmì àṣẹ tí à ń so pọ̀ lójú ẹ̀rọ), kò ní ṣiṣẹ́, kó tó ronú ìdí rẹ̀, a ti gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, a ti bá a tún un ṣe. Eré náà á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ rí kọ́ níbẹ̀?

Ọmọ ọdún 5 sí 7, ScratchJr, áàpù tí ọmọdé fi ń to búlọ́ọ̀kù kí àwòrán lè máa rìn, ni kẹ́ ẹ fún un. Ọdún 2014 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kò jẹ dátà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé àwòrán ló wà lára àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ọmọ kò ní láti ka òyìnbó kankan. Ẹ lè fi Yorùbá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "lọ sọ́tùn-ún", "fò sókè", "padà sílé".

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ gbé abọ́, ife omi tútù àti gàrí díẹ̀ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ máa pàṣẹ fún yín bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Ohun tó bá sọ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe. Tó bá ní "da gàrí" láì mẹ́nu ba abọ́, orí tábìlì ni kẹ́ ẹ dà á sí. Á pariwo, á sì tún àṣẹ rẹ̀ pa. Bí kọ̀ǹpútà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: ohun tá a sọ ló ń ṣe, kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Tó bá wá kan ScratchJr, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi ìlà hàn. Pápá eré á pín sí ojú 20 ní ìbú, 15 ní òró. Ẹ gbé ológbò, àwòrán tó máa ń wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sí ojú 3, kẹ́ ẹ gbé igi sí ojú 10 lórí ìlà kan náà. Ẹ bi ọmọ pé, "Ìṣísẹ̀ mélòó ni ológbò máa gbé kó tó dé ibi igi?" Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní 8, torí wọ́n ka ojú tí ológbò dúró lé mọ́ ọn. 7 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un! Kó kọ 8 sínú búlọ́ọ̀kù, kó tẹ àsíá aláwọ̀ ewé, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ológbò ti kọjá igi. Kó wá padà sẹ́yìn, kó máa fi ìka tẹ ojú kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà. Àwọn tó ń fi coding jẹun náà ṣì máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí.

Láti ọdún 8 lọ sókè, ó lè bọ́ sórí Scratch, ẹ̀gbọ́n ScratchJr, èyí tí wọ́n gbé jáde ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007. Ó ní èyí tẹ́ ẹ lè gbé sórí láptọ́ọ̀pù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Níbí, ọ̀rọ̀ ti wà lára búlọ́ọ̀kù, wàhálà náà sì yí padà. Ológbò tó rìn lọ kì í padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá tún tẹ àsíá, àfi tẹ́ ẹ bá fi "go to x: 0 y: 0" (lọ sí àárín pápá eré) sí abẹ́ àsíá. Tó bá kan ògiri tó yí padà, á dorí kodò. "Set rotation style left-right" (kó máa kọjú sí ọ̀tún tàbí òsì nìkan) ló máa tún un ṣe.

Èyí tó ń dààmú àwọn ọmọ jù ni búlọ́ọ̀kù "if" (bí nǹkan kan bá rí báyìí). Ọmọ á ní bí ológbò bá kan bọ́ọ̀lù, kó ké. Ó to gbogbo rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ológbò kàn án, kò ké. Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ní kété tí wọ́n tẹ àsíá, nígbà tí ológbò ṣì jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Ó dà bí ọlọ́dẹ tó yọjú wo ẹnu géètì lẹ́ẹ̀kan, tó wọlé lọ sùn. Inú "forever" (máa ṣe é láì dáwọ́ dúró) ló yẹ kí "if" wà, kí ọlọ́dẹ lè máa wò ó ṣáá. Ẹ bi ọmọ pé, "Ìgbà wo lo ní kó wò ó?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ fara dà á.

Ọmọ méjì sí ẹ̀rọ kan ti tó, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹni tí kò mú un máa fi ẹnu nìkan sọ ohun tó kàn. Kí wọ́n tó tẹ àsíá, kí ẹnì kan sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀.

Ó dùn mí pé àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ òbí, wọ́n ń ní kí ọmọ da ohun tó wà lójú pátákó kọ, wọ́n á sì fún un ní sátífíkéètì. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá gbé eré rẹ̀ wálé, ẹ yìn ín, kẹ́ ẹ wá ní kó mú kí ológbò náà rìn padà sẹ́yìn lójú yín.