Ilé-Ẹjọ́ Etí

Ẹni tó bá fẹ́ jẹun tán níbi àpèjẹ ní Àbújá lásìkò yìí, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òun pé orin kan kò dùn mọ́ òun. Ó lè ní ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, ó lè ní àga kò tó, ó tilẹ̀ lè ní ìyàwó ti pẹ́ jù kó tó jáde. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ rín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèèṣì sọ pé ohùn gòjé àwọn Haúsá ń fọ́ òun lórí, tàbí pé ìlù swange àwọn Tiv kò wọ òun lára, àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó yí tábìlì ká á gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n á wojú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn á sì bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti dókítà tó fẹ́ ka èsì àyẹ̀wò: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe àwọn tó ni orin yẹn gan-an lẹ kórìíra?”

Ìlú tiwa yìí ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá lára mu jù lọ. Nígbà tí ìjọba ológun fi òfin ọdún 1976 yan Àbújá, ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn ń wá olú-ìlú tí ẹ̀yà ńlá kankan kò ní lè pè ní tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991, gbogbo wa tẹ̀lé e wá, oníkálukú sì gbé ìlù rẹ̀ dání. Nítorí náà, ìgbéyàwó tí kò ní ju wákàtí mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ yí Nàìjíríà ká. DJ á fi fújì ṣí i, á bọ́ sí orin Haúsá, á kọjá sí háílàìfù àwọn Ìgbò, á ya ọ̀dọ̀ àwọn Tiv, á sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ta àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ lọ́rẹ kó tó padà sí fújì. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Àwọn kan ló wá sọ ọ́ di ìdánwò: wọ́n á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn àlejò láti mọ ẹni tó dìde àti ẹni tó jókòó, wọ́n á sì máa fi fóònù ya fídíò ẹni tó jẹ́ pé àsìkò orin Haúsá ni ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà fún yín. Ọmọ Yorùbá ni, Gwarinpa ló ń gbé, ó kàwé díẹ̀ ní òkè òkun, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ pé etí ni ẹnu ọ̀nà ọkàn. Ẹni tí orin ẹ̀yà kan kò bá dùn mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti jẹ́wọ́ tán, àlàyé yòówù tó bá sì ṣe lẹ́yìn èyí, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fi kún ẹ̀ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé orin Dan Maraya Jos ló wà lókè pátápátá nínú fóònù rẹ̀. Mo bi í pé kí ni bàbá náà ń ta bí ó bá ń kọrin. Ó ní gìtá ìbílẹ̀ kan báyìí ni. Kuntigi ni, olókùn kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi agolo sàdíìnì ńlá ṣe, tí wọ́n á fi awọ ewúrẹ́ bò ó. Mo bi í pé kí ló ń kọrin lé lórí; ó ní àlàáfíà ni. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Bukuru lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos ní 1946, tó ń kọrin fún lébìrà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí ó fi jáde láyé ní 2015, ti di káàdì ìdánimọ̀ nínú àpò ẹni tí kò fara balẹ̀ gbọ́ orin rẹ̀ kan parí rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n ń dá yìí ní ìdí níbi tí wọ́n ti gbé e wá. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje ọdún 1979, ní pápá ìṣeré Comiskey Park ní Chicago, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan, Steve Dahl, tó ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí rédíò tó ń bá ṣiṣẹ́ yí sí orin dísíkò, ní kí àwọn ènìyàn kó àwo dísíkò wá síbi ìdíje béésìbọ́ọ̀lù méjì tó tẹ̀léra. Sẹ́ńtì 98 ni ẹni tó bá mú àwo wá á san wọlé. Wọ́n kó àwọn àwo náà jọ sáàárín pápá, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya wọ inú pápá, eré kejì kò sì lè wáyé mọ́. Dahl ní orin lásán ni òun kò fẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Vince Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń fi àwọn òǹwòran sórí ìjókòó, tó sì wá di ọ̀kan lára àwọn tó dá orin house sílẹ̀, sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo tí wọ́n kó wá kì í ṣe dísíkò rárá; àwo àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ṣáá ni. Ní 1996 ẹ̀wẹ̀, Carrie Fried, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ orin àtijọ́ kan tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ, ó sọ fún àwọn kan pé ráápù ni, ó sọ fún àwọn mìíràn pé kọ́ńtírì ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, kò yí fíntín. Àwọn tó gbọ́ pé ráápù ni ló rí ewu nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ní ó yẹ kí wọ́n fi òfin dè é. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù náà gbé Form 696 jáde ní 2005, tí wọ́n fi ń bi ẹni tó fẹ́ ṣe òde lóru léèrè irú orin tó máa lò àti ẹ̀yà àwọn tó ń retí; ìbéèrè ẹ̀yà ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 2017.

Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ohun tí ènìyàn lè dì mú wà: àwo tó fọ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ojú méjì wò, ìwé tí ọlọ́pàá mú dání. Ilé-ẹjọ́ ti Àbújá kò ń da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní Kubwa, nọ́ọ̀sì kan tó ti ibi iṣẹ́ òru dé bẹ aládùúgbò rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ dín ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ kù, nítorí orin inú fíìmù àwọn ará Kano tó ń dún níbẹ̀ kò jẹ́ kí òun fojú kan oorun. Ọ̀dọ́ kan ní ilé òdìkejì, ọmọ Yorùbá bíi ti nọ́ọ̀sì náà, gbé ọ̀rọ̀ yìí sí orí WhatsApp àdúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ láti Chicago, ó fi Chicago kádìí rẹ̀. Aládùúgbò tó ni ẹ̀rọ, ọmọ Katsina, ti dín ohùn rẹ̀ kù láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ẹ̀ ń sùn ni.” Wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ odidi jókòó lórí ẹjọ́ tí kò ní olùpẹ̀jọ́.

Èyí tó wá rú wọn lójú jù lọ ni ti bàbá Ìjẹ̀bú kan ní Maitama, akọ̀wé àgbà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí kò lè fara da fújì. Bí DJ bá ti fi Sikiru Ayinde Barrister sí i, bàbá á dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, á wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, á ti fèrèsé, á sì máa gbọ́ orin dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n á fi yí àwo padà. Ẹ̀yà wo ni bàbá kórìíra? Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ dábàá pé bóyá Ìjẹ̀bú ń bá Ìbàdàn ṣọ̀tá ni. Wọ́n rán an létí pé bàbá kì í gbọ́ ti Wasiu Ayinde náà, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tirẹ̀. Wọ́n ronú títí, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Inú wéré ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú Ramadan. Ọmọ ìgboro ló tọ́ ọ dàgbà, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọlọ́lá sì kà á sí orin awakọ̀ àti alápatà fún ìgbà pípẹ́. Ibùdókọ̀ ni bàbá ń ti fèrèsé mọ́ lójú. Bethany Bryson, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996: bí àwọn ènìyàn bá ṣe kàwé sí i ni iye irú orin tí wọ́n kórìíra ń dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù tí wọn kò fẹ́ gbọ́ sétí ni ráápù, heavy metal, kọ́ńtírì àti orin ìhìnrere, àwọn orin tí àwọn tó kàwé kéré jù lọ fẹ́ràn.

Àwọn adájọ́ wa kò yàtọ̀. Wọ́n á ní, “Orin gbogbo ẹ̀yà ni mò ń gbọ́, àfi ariwo inú bọ́ọ̀sì Nyanya.” Bẹ́ẹ̀, inú bọ́ọ̀sì Nyanya yẹn ni fújì, orin ìyìn Ìgbò àti orin fíìmù Kano ti ń tẹ̀lé ara wọn láàárín ìrìn-àjò kan ṣoṣo láìsí ẹni tó ń ya fídíò ẹnikẹ́ni.

Ìhà kejì náà ní àwọn òṣèré tirẹ̀. Oníṣòwò kan wà tó ti pẹ́ ní Kaduna, tó máa ń fi ọwọ́ sọ́yà pé, “Orin Haúsá, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìkórìíra o, etí mi ni kò gbà á.” Mo béèrè bóyá ti Mamman Shata ni, pẹ̀lú ìlù kàlàngú tó ń dá a lóhùn, tàbí ti Barmani Choge àti àwọn obìnrin rẹ̀ tó ń lu igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé sórí omi. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Ẹni tó dá gbogbo orin àwọn tó gbà á lálejò lẹ́bi láìgbọ́ ẹyọ kan, kì í ṣe orin ló ń dá lẹ́jọ́. Eléyìí, bí wọ́n bá fẹ́ mú un, èmi kò ní bá wọn jiyàn.

Òun kọ́ ni wọ́n mú. Wọn kò sì mú Àlàájì kan, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, tó ní ilé alájà méjì ní Lugbe. Òun tilẹ̀ ni wọ́n dá láre jù lọ. Níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó dìde sí orin Haúsá, ó fi bàbáńrígà gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn, ó sì ná owó tuntun fún onígòjé láìbẹ̀rù EFCC. Fídíò náà tàn káàkiri, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irú àwọn bàbá báyìí ni Nàìjíríà ń wá. Kò pẹ́ sígbà náà ni yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ ṣófo ní ilé Lugbe. Ọ̀dọ́kùnrin Fúlàní kan láti Adamawa, òṣìṣẹ́ ìjọba, mú owó ọdún méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ́ńtì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó pe Àlàájì, Àlàájì ní kó sọ fún un pé wọ́n ti gba ilé. Tọkọtaya Ìgbò kan dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún ti gba ilé. Nígbà tó yá, ọmọ Ọ̀yọ́ kan dé pẹ̀lú owó oṣù mẹ́fà àti ẹ̀bẹ̀, ilé sì ṣófo padà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá adájọ́ Gwarinpa. Ó fetí sí mi dáadáa, ó wá ní ọ̀rọ̀ ilé kò sí lábẹ́ àṣẹ àwọn. Orin nìkan làwọn ń gbọ́. Mo kọjá sọ́dọ̀ Àlàájì fúnra rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n bóyá ẹ̀rù kò bà wọ́n pé àwọn ènìyàn lè pè wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó ya bàbá lẹ́nu gidi. Wọ́n wá gíláàsì ojú wọn, wọ́n fa fóònù yọ lápò, wọ́n ṣí fídíò ìgbéyàwó yẹn, wọ́n sì nà án sí mi.

“Wò ó dáadáa,” ni wọ́n wí. “Ṣé báyìí ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe ń jó?”