“Ṣọ́ọ̀bù mi kéré jù fún ọmọ Yahoo”: irọ́ ni

Ní Adó-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọlọ́jà bí wọ́n bá dárúkọ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì: “Àwọn báńkì ni wọ́n ń wá. Kí ni wọn ó rí gbé lọ́wọ́ èmi tí mò ń ta èlùbọ́?” Irọ́ ni. Ó sì léwu, nítorí òun ló ń jẹ́ kí èèyàn fi nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ṣe báńkì, kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kó tún fi ṣe ìwé gbèsè, kó má sì ti kọ́kọ́rọ́ kankan mọ́ ọn.

Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ rò pé olè náà jókòó síbì kan, ó ń wo ta ló lówó. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ kì í sì í yan ẹnì kan lé ẹnì kan. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà gbé irinṣẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ ZMap. Láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó lè kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́sì IPv4 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú 45, bẹ́ẹ̀ àwọn àdírẹ́sì náà lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Ìwádìí ni tiwọn, ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni olè ń lò. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé wò lóru láti Òkèṣà dé Adébáyọ̀ ní Adó: kò béèrè ẹni tó ni ilé, èyí tó bá ṣí ló máa wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 nìyẹn, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry tan kálẹ̀. Ó ti fáìlì pa lórí kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó sì ń béèrè 300 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn ńlá kó sí i, ilé iṣẹ́ kéékèèké náà kó sí i. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù kẹta ọdún náà. Ẹni tí kò gba àtúnṣe yẹn sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ló jìyà jù, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà.

Nígbà míì sì rèé, kíkéré yín gan-an ni olè ń wá, nítorí pé ó lè tipasẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá. Ní 2013, àwọn tó jí nọ́ńbà káàdì mílíọ̀nù 40 lọ́wọ́ ilé ìtajà Target l'Amẹ́ríkà kò gba ẹnu ọ̀nà Target wọlé. Pásíwọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ amúǹkantutù ni wọ́n kọ́kọ́ jí. Ẹni tó ń kó oúnjẹ fún òtẹ́ẹ̀lì tàbí tó ń bá ilé-ìwé tẹ̀wé gbọ́dọ̀ ronú sí èyí.

Àmọ́ ohun tó níye lórí jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré ni orúkọ. Àwa ará Èkìtì, Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Bí olè bá gba WhatsApp ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan, kì í ṣe owó ìyá náà ló ń wá, owó gbogbo àwọn tó fọkàn tán an ni. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yìí, tèmi ò ṣiṣẹ́ lónìí, mo máa dá a padà lálẹ́.” Ta ni kò ní fi ránṣẹ́?

Nítorí náà, WhatsApp ló yẹ ká kọ́kọ́ tì. Olè ò nílò fóònù yín kó tó lè gbà á. Yóò fi nọ́ńbà yín sínú WhatsApp lórí fóònù tirẹ̀, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà á wọlé sórí fóònù yín nípa SMS. Kí ẹ ka kóòdù yẹn fún un ló kù. Yóò pè yín bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, tàbí bí oníbàárà tó fẹ́ ra ọjà rẹpẹtẹ, tàbí bí ẹni tó ń pín owó ìrànwọ́ ìjọba. Yóò ní kóòdù òun ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ yín. Kò sí ẹni tó yẹ kó mọ kóòdù yẹn yàtọ̀ sí ẹ̀yin nìkan. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín ló béèrè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba tiwọn lọ ṣáájú tiyín. Bó ṣe máa ń ràn láàárín gúrúùpù nìyẹn.

Ọ̀nà kejì kò gbajúmọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ó sì burú jù ú lọ. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ *21*, kí ẹ fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, kí ẹ fi # parí rẹ̀, kí ẹ lè gba dátà ọ̀fẹ́. Ohun tí ẹ ṣe nìyẹn ni pé ẹ ti darí gbogbo ìpè yín sọ́dọ̀ olè. WhatsApp lè pe èèyàn láti ka kóòdù sétí rẹ̀ dípò SMS, ìpè náà á sì lọ síbi tí ẹ darí rẹ̀ sí láìjẹ́ pé fóònù yín dún. Ẹ tẹ *#21# kí ẹ mọ̀ bóyá ìpè yín ń lọ síbòmíràn. ##002# ló ń pa gbogbo ìdarí bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni Linked devices, ibi tí WhatsApp ti ń gbà kí èèyàn ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Olè lè ní kí ẹ ya fọ́tò àmì kan níbẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù alámì mẹ́jọ kan sí i, “kí ẹ lè dìbò fún ọmọ mi.” Bí ẹ bá ṣe é, kò ní lé yín jáde rárá; ńṣe lá máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe ń tajà lọ. Ẹ máa ṣí Linked devices lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tẹ Log out lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ẹ ò mọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tó ń dí ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ: Settings, Account, Two-step verification. Ẹ yan PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, tí kì í sì í ṣe PIN káàdì yín. Ẹ fi ímeèlì yín sí i nígbà tó bá béèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó, bí wọ́n bá wá gbàgbé PIN, ọjọ́ méje ni wọ́n á fi dúró. Láti ìgbà náà lọ, bí olè bá tiẹ̀ rí kóòdù SMS, PIN ni yóò dá a dúró.

Bí wọ́n bá ti gbà á lọ ńkọ́? Ẹ má fi ọjọ́ yẹn pa WhatsApp tì. Ẹ fi nọ́ńbà yín wọlé padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ kóòdù SMS tuntun tó bá wá. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ ò ní lè lò ó fún ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe tẹ kóòdù náà báyìí ni wọ́n ti lé olè jáde. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, wọ́n á rí i pé ó ń béèrè PIN, wọ́n á rò pé ó ti bọ́.

SIM ló kàn. Bí wọ́n bá já fóònù yín gbà ní ọjà tàbí nínú kẹ̀kẹ́, pásíwọ́ọ̀dù ojú fóònù ò ní dáàbò bo SIM. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kì í sínú fóònù mìíràn, OTP báńkì (kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì fi ń jẹ́rìí sí i pé ẹ̀yin ni) á máa wọlé fún wọn. SIM PIN ló ń dí èyí lọ́wọ́. Ó wà nínú Settings, lábẹ́ ètò ààbò. Ẹ wá SIM lock. Yóò kọ́kọ́ béèrè PIN tó bá SIM wá láti ilé iṣẹ́. Ẹ má méfò. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà lórí 300, kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK (kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó ti pa) ni yóò máa béèrè, bí ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, SIM náà ti kú nìyẹn. Bákan náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàdédé lọ lórí fóònù yín, tí ti àwọn tó wà nítòsí sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dìrọ̀lẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gba SIM yín síta lórúkọ yín.

Ti àláàtì, ọ̀rọ̀ kúkurú ni: SMS kì í ṣe ẹ̀rí owó. Orúkọ tó ń hàn lókè SMS ṣeé yí, àláàtì irọ́ lè bọ́ sábẹ́ àwọn ojúlówó tí báńkì yín ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Rìsíìtì orí fóònù oníbàárà náà kì í ṣe ẹ̀rí, torí áàpù wà tó ń ya á. Inú áàpù báńkì tiyín ni kí ẹ ti wo iye tó wà nílẹ̀ kí ọjà tó kúrò lórí káńtà. Bí ọmọọṣẹ́ ló ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí àkáǹtì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́ èyí tí owó kì í sùn sí. Ẹ máa kó owó rẹ̀ lálaalẹ́ sí àkáǹtì mìíràn tí áàpù rẹ̀ kò sí lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì ní kí báńkì ti USSD (kóòdù oní-* àti # tí à ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́) pa lórí ìkejì yìí.

Bí ẹni tó ń kó ọjà fún yín láti Ìbàdàn tàbí Èkó bá fi àkáǹtì tuntun ránṣẹ́, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ má lo nọ́ńbà tó wà nínú ọ̀rọ̀ tuntun náà.

Àwọn tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní ọ̀nà Ìwòròkò àti ní ẹnu ọ̀nà Pólì ni ọ̀rọ̀ wọn ká wa lára jù, torí fíláàṣì gbogbo ayé ló ń wọ ẹ̀rọ wọn. Windows tí wọ́n jí gbé ni wàhálà àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí i máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ yín kò fẹ́ ire fún yín. Defender wà nínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó iṣẹ́ ṣe bí ẹ bá jẹ́ kó máa gba àtúnṣe. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún Windows 10 dúró, nítorí náà ẹ̀rọ tó lè gba Windows 11 kò yẹ kó ṣì máa lo Windows 10.

Ẹ ṣí View nínú File Explorer (bó bá jẹ́ Windows 11, ẹ tún ṣí Show), kí ẹ tẹ File name extensions. Fáìlì tó ń jẹ́ “èsì WAEC.pdf” lè wá fi hàn pé “èsì WAEC.pdf.exe” ni, pé áàpù ni, kì í ṣe ìwé. Ẹ ṣe àkáǹtì Windows tí kò ní agbára alábòójútó fún àwọn ọmọọṣẹ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ ṣí ímeèlì, Guest mode ti Chrome ni kó lò. NIN àti ìwé ẹ̀rí àwọn èèyàn tó wà nínú Downloads, ẹ pa wọ́n rẹ́ lálaalẹ́. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ẹ ra dísíìkì ìta méjì. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sórí ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn náà, kí ìkejì máa wà nílé. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, bí irú WannaCry bá dé, yóò ti òun náà pa. Lóṣooṣù, ẹ ṣí fáìlì méjì mẹ́ta láti orí ẹ̀dà náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí, ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù: èyí tí ẹ lò fún ímeèlì kò gbọdọ̀ wà lórí ohunkóhun mìíràn, torí ímeèlì ni wọ́n fi ń tún gbogbo yòókù ṣe. Bí ọmọọṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn alábòójútó ojú ìwé Facebook yín.

Bí owó bá ti lọ, ìṣẹ́jú ló ń ka, kì í ṣe ọjọ́, nítorí owó ń ti àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Báńkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa, kí wọ́n sì kàn sí báńkì tí owó lọ, kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ẹ kọ àkókò tí ẹ pè sílẹ̀. Nọ́ńbà báńkì àti àmì USSD tó ń ti àkáǹtì pa gbọ́dọ̀ wà lórí páálí lẹ́yìn káńtà, kì í ṣe nínú fóònù tí wọ́n jí gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ mú ẹ̀dà ìwé àkáǹtì dání. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ ẹ̀sùn náà sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn tí báńkì fún yín sínú rẹ̀.