Ó hàn kedere sí ta?

Nínú àpilẹ̀kọ yín, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ohun tí NATO, àjọ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá a ṣe, ń lé ní Líbíà lọ́dún 2011 hàn kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró. Ó hàn sí ta? Ìpinnu 1973 tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lóṣù kẹta ọdún náà, ààbò aráàlú ló wà níbẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n yọ Gaddafi, olórí Líbíà nígbà náà, nípò. Nàìjíríà náà dìbò fún un o! Nígbà tí ewu wá kúrò lórí Benghazi, ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Gaddafi fẹ́ kọlù, kí ni bọ́ǹbù ṣì ń wá ní Trípólì tó jẹ́ olú ìlú? Oṣù kẹwàá ni wọ́n pa ọkùnrin náà, oṣù ọ̀hún kò tíì parí tí NATO fi palẹ̀ ẹrù mọ́. Tó bá jẹ́ pé torí aráàlú ni lóòótọ́, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń bèèrè lókè nínú àwọn tó fèsì pé ṣé kí NATO káwọ́ gbera kí Gaddafi pa aráàlú tán ni, mo gbọ́ ẹ. Èmi náà ò gbè sẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ àbúrò mi wà ní Trípólì nígbà náà, ilé ló ń kùn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan tó ń bá Gaddafi jà ò mọ̀ ju pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ni Gaddafi háyà wá jagun. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ń fi pásípọ́ọ̀tù sí, kò sì jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ṣé òun kì í ṣe aráàlú ni? Àwọn ìbọn tó sì ti Líbíà wọ Mali ńkọ́, ta ló máa dáhùn fún ìyẹn?