Àmúwá Ọlọ́run kọ́ ló po sìmẹ́ǹtì

Ní Èkó, tí ilé bá dà wó, “àmúwá Ọlọ́run” máa ń ṣáájú katapílà débẹ̀. Eruku ò tíì rọlẹ̀ tí lándílọ́ọ̀dù, aládùúgbò àti òṣèlú tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ á ti máa sọ ọ́. Inú máa ń bí mi sí i. Onígbàgbọ́ ni mí o, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó bí mi nínú.

Ẹ rántí Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 2019. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀ wó lu àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìwé. Lẹ́yìn náà la gbọ́ lẹ́nu ìjọba pé àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Ẹ tún rántí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 2021. Ó lé ní ogójì ẹ̀mí tó bá a lọ, ẹni tó ń kọ́ ọ wà lára wọn.

Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ tó ń ro ìjìnlẹ̀ ẹ̀sìn: bí Ọlọ́run bá jẹ́ alágbára, tó tún jẹ́ olóore, ibo ni ibi ti wá? Wọ́n máa ń ya ibi tó ti ọwọ́ èèyàn wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tọwọ́ ẹnikẹ́ni wá, bí ìmìtìtì ilẹ̀. Àmọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ gan-an ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá kan náà, ní 1755, ilẹ̀ mì ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgà, nígbà tí àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Voltaire, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ ewì lórí ẹ̀, ó bínú sí àwọn tó ń sọ pé dáadáa náà ni gbogbo ẹ̀. Ní 1756 Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fún un lésì pé kì í ṣe ìṣẹ̀dá ló kó ẹgbàá mẹ́wàá ilé alájà mẹ́fà mẹ́je jọ síbi kan náà. Àfi bíi pé Ìsàlẹ̀ Èkó ló jókòó sí kọ ọ́.

Ẹni tó bá sì ní èrò òyìnbó nìyẹn, kó ṣí Bíbélì ẹ̀. Nínú Lúùkù 13, ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn méjìdínlógún. Jésù bi wọ́n bóyá ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ ju ti ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, ó ní rárá. Èyí tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n wàásù ẹ̀ lẹ́yìn tí ilé wó ni Diutarónómì 22:8: tí o bá kọ́ ilé tuntun, mọ ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹnì kan má baà já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì wá sórí ilé rẹ. Wọn ò sọ níbẹ̀ pé ọjọ́ ẹni tó já bọ́ ló pé. Ọrùn onílé ni wọ́n gbé e kọ́.

Ẹ̀yin ààfáà náà mọ ìtàn Úmárù, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ìyẹn Síríà àti agbègbè ẹ̀, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó ní kí àwọn tó bá a rìn yí padà. Abu Ubayda, ọ̀gágun ẹ̀ níbẹ̀, bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́run ni. Úmárù ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́run kan náà làwọn sì ń sá sí.

Ti ilé wa ńkọ́? Àwa tá a máa ń ní àyànmọ́ ò gbóògùn, nínú odù Ifá Ògúndá Méjì, ta ló ń mọ orí tí èèyàn ń yàn wá sáyé? Àjàlá ni, amọ̀kòkò tó jẹ gbèsè títí tó fi ń sá pamọ́ sí àjà fún àwọn olówó. Ọ̀pọ̀ orí tó mọ ni kò jiná. Òjò á pa á lójú ọ̀nà ayé, á sì ṣá. Nínú ìtàn àyànmọ́ fúnra ẹ̀, iṣẹ́ játijàti ló ń fa orí burúkú!

Tí a bá ti gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni, ẹjọ́ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó fi yanrìn kún sìmẹ́ǹtì ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó fi àjà kan kún un láìgbàṣẹ, ẹni tó gba rìbá tó fi ṣíjú kúrò. Kò sí owó ìtanràn fún ẹbí òkú. Kọ́ńtírátọ̀ á kó irinṣẹ́ ẹ̀ kọjá sí Èbúté Mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mi ò ní bá ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ jiyàn. Tó bá ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì ni, mo sì máa ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnu ẹni tó fọwọ́ sí pílánù ilé náà lọ̀rọ̀ kan náà ti jáde, ó ń wá ibi tó máa sá pamọ́ sí ni. Kí pásítọ̀ àti ààfáà má fi àdúrà kan náà bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ ò sì ní bínú: kí ìjọ àti mọ́sálásí tó ń fi àjà lé àjà náà kọ́kọ́ pe ẹnjiníà wá wo òpó wọn kí wọ́n tó pè wá fún ìkówójọ.