Ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a máa ń pa á fẹ́ni tó bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ńlá lórí fóònù. Àmọ́ ọjọ́ tó yé mi dénú, Kew Gardens, ọgbà igi ńlá kan, ni mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àbúrò mi kan ti kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti palẹ̀ mọ́ o. Ó ra òrùka, ó ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ sá sẹ́yìn ewé kó máa ká fídíò, ó ní kémi náà máa ṣe bí ẹni tó kàn wá wo igi. Inú Temperate House ni, ilé onígíláàsì ńlá tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí padà lọ́dún 2018, níwájú igi kan tó jọ ọ̀pẹ kúkúrú, Encephalartos woodii. Igi yẹn nìkan tó ìtàn. 1895 ni wọ́n rí i nínú igbó oNgoye ní South Africa, ẹyọ kan péré, akọ sì ni, torí irú igi bẹ́ẹ̀ ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, bí ìbẹ́pẹ, 1899 ni ti Kew débẹ̀, títí dòní wọn ò rí abo ẹ̀ níbì kankan, ọmọ ìdí ẹ̀ ni wọ́n kàn ń yọ gbìn káàkiri bí a ṣe ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ àpọ́n tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ò ríyàwó ni tèmi ti lọ ń tọrọ ìyàwó!

Ó ní, "Mi ò fẹ́ dà bí igi yìí o." Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rójú ẹ̀: ó wo òrùka, ó wo fóònù tó yọ láàárín ewé, ó wá wolẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò yí okùn báàgì ẹ̀. Àbúrò mi ò rí ìkankan, omi ti bo ojú tiẹ̀.

Kí ló dé táwọn àgbà fi ń lo alárinà? Wọ́n ní torí ìtìjú. Lójú tèmi, torí "rárá" ni. Tọ́mọbìnrin ò bá fẹ́, alárinà lá gbọ́, á rọra gbé e lọ, àwọn méjèèjì á sì lè pàdé lọ́jà lọ́la kí wọ́n kíra. Ìjọ́hẹn kì í ṣeré, kó tó jẹ́ hẹn wọ́n á ti fún un láyè. Níwájú èrò tó ń pàtẹ́wọ́, ibo lẹ fẹ́ kó gbé "rárá" gbà?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bi í níbi tó ti lè dákẹ́ pẹ́, kẹ́ ẹ máa wojú ẹ̀. Tó bá ti gbà tán, ẹ lọ kúnlẹ̀ ní Kew, ẹ lọ kúnlẹ̀ nínú ọgbà igi UI n'Íbàdàn, ẹ gba oní-drone tó bá wù yín. (Ẹni tó ń bínú pé ọkùnrin kúnlẹ̀, ṣebí á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fáwọn àna lọ́jọ́ ìdána?)

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ yẹn ń bá mi já ẹ̀fọ́ nílé, kò wọ òrùka. Ó ní, "Àǹtí, kò bi mí rí bóyá mo fẹ́ padà sí Nàìjíríà." Mo ní kó lọ sọ fún un, ó wà ní pálọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, mi ò gbóhùn, wákàtí kan kọjá, òmíì kọjá, àfi ìgbà tí àbúrò mi yọrí síta tó ń béèrè òrùka, pé ibo ni mo gbé báàgì ìyàwó òun sí.